Máṣíìnì Tí Mo Bá Nílé Ọkọ

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, 2025

Awẹ́lẹ́wà ọkọ mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí o, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Ẹ kú òtútù Leeds, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn arúgbó ibẹ̀. Ìyá ní kí n kí yín. Oore-ọ̀fẹ́ àbúrò yín náà ní kí ẹ má gbàgbé bàtà òun. Èmi kì í dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu o, Ìyá Kékeré ni mo ń pè é. Ọmọ ọdún méje ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ mi ni.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ. Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu ló sá lọ. Ẹ ní, "Mosúnmọ́lá, ṣé o wà níbẹ̀?" Èmi ń mi orí bí ẹni pé ẹ ń wò mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ irun dídì, ẹ ó máa fojú fo àṣìṣe mi, ṣùgbọ́n bíírò kì í tì mí lójú bíi fóònù. Bí mo bá kọ ọ́ tán, n ó ya á ní fọ́tò, n ó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Àbúrò yín tó fẹ́ mi ṣubú lórí máṣíìnì. Ó wà láàyè. Ó ń jẹun, ó sì ń ṣàròyé pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìlú wa ní Ìgèdè ló lọ lọ́jọ́rú, ó lọ tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe. Nígbà tó ń bọ̀, ìyá mi di iṣu sẹ́yìn máṣíìnì fún un. Kó tó dé Ìyìn, àwọn èèyàn ti sá láfún sí etí títì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan já sí i níwájú, ó yà fún un, ni táyà bá wọ inú láfún. Ó yọ̀ bí ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó jí láti inú sàréè. Wọ́n ní ìyá kan ń sunkún rẹ̀, ìyá kejì ń sunkún láfún.

Egungun èjìká rẹ̀ òsì ló dá. Wọ́n ti so ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn ní ọsibítù. Dókítà ní títí Àjíǹde ni kò gbọdọ̀ gun nǹkan kan.

Adúmáadán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ẹ mọ̀ ọ́n, krúsà dúdú gbọọrọ yẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ ga bí ìwo màlúù, tí èèyàn ń na ẹsẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga ìgbafẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó wa, Ìyá pè mí, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tó bá ti ń mí nínú ulé yìí kí o tó dé, ọkọ rẹ ni. O kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ." Ni àbúrò yín bá sáré lọ tan máṣíìnì rẹ̀, ó ní, "Èyí náà ń mí o, gbọ́ bó ṣe ń mí!" Èmi kò mọ̀ pé àwàdà ni. Mo fún un lórúkọ, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ìyá Kékeré ló wá tú àṣírí fún mi pé gbogbo wọn ló ń yọjú lójú fèrèsé wò mí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn ó ti mọ́ mi lára.

Ọrùn Adúmáadán ti kán báyìí. Irin ńlá tó gbé e ró ló là níwájú. Àbúrò yín ní jórinjórin ni yóò bá òun jó o pọ̀. Awẹ́lẹ́wà, ẹ̀rù ń bà mí. Èmi fẹ́ kó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ìyàwó oṣù méjì, báwo ló ṣe máa dìde sọ pé kí wọ́n gbé ọkọ òun àgbà kúrò ní ìta? Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ.

Èmi ni,
Mosúnmọ́lá yín.


Leeds
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 2025

Ìyàwó mi tí ń mi orí lórí fóònù,

Mo gba ìwé rẹ ní ibi iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ sunkún, mo wá dé ibi tí o ti ń kúnlẹ̀ kí máṣíìnì, mo bú sẹ́rìn-ín débi pé ìyá arúgbó tí mo ń bọ́ lóúnjẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

Ṣé láfún ni wọ́n tún fẹ́ fi pa Dàmọ́lá? Ẹ̀yin ará Ìgèdè, ẹ fún wa ní ìyàwó tán, ẹ wá fẹ́ fi láfún gba ọkọ padà! Ta ló ń sá oúnjẹ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀? Sọ fún àwọn èèyàn yín pé mo ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kí n bá ọ sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́. Kì í ṣe pé n kò fẹ́. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má ra dúdú yẹn lọ́jọ́sí, ìdí nìyẹn tó fi rà á. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé òsì, ọ̀tún ni Dàmọ́lá ń yà. Ìwọ ló fẹ́, tìrẹ ni yóò gbọ́.

Èrò tèmi rèé: kò sí máṣíìnì mọ́. Kó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣubú bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ohun tí ìwọ bá yàn ni n ó dá owó sí, bí kò bá ti ẹnu rẹ jáde, n kò ní dá kọ́bọ̀.

Kí Ìyá. Bàtà Oore-ọ̀fẹ́ ti wà nínú àpótí.

Ẹ̀bùnọlá, tí o sọ di Awẹ́lẹ́wà.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì, 2025

Awẹ́lẹ́wà ọkọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti máa rò pé mo gbàgbé yín. N kò gbàgbé. Mo kọ ìwé kan, mo fà á ya. Mo tún kọ òmíràn, Ìyá Kékeré fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ láfún tí ẹ sọ yẹn ló dùn mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi lọ́mọ náà ń sá láfún sí etí títì yẹn, nítorí òjìji ilé wa kì í jẹ́ kó gbẹ nínú àgbàlá. Láfún ló fi rán mi lọ sí ilé ìwé tí mo lọ. Láti ìgbà tí mo ti kà á, bí Ìyá bá ro ọkà láfún, mi ò lè gbójú sókè nídìí oúnjẹ. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ dárí jì mí bó bá ti le jù.

Ẹ jẹ́ kí n wá ròyìn. Mo ní kí Ìyá sọ ọ̀rọ̀ Márúwá. Àbúrò yín ní, "Ẹ̀yin Ìyá, kí n di ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú Márúwá, kí gbogbo ará Adó máa dá mi dúró pé àwọn ń lọ sí ọjà ọba?" Ìyá ní kó máa gbé wọn nígbà náà, owó ni. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ó ní kí n ká lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to àwọn máṣíìnì tuntun síwájú. Krúsà pupa kan wà láàárín wọn, ó tóbi bí ọmọ erin, gbogbo irin ara rẹ̀ ń dán. Ojú àbúrò yín yí padà. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn, ó ní kí èmi gùn ún kí òun wò ó. Mo ní mi ò gùn ún. Ó ní, "Mosún, jọ̀ọ́." Mo gùn ún. Ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀. Ọmọ ọlọ́jà ní, "Àǹtí, ẹ dúró gbọn-in, ẹ gbé e nàró." Mo gbé e nàró, òun náà gbé mi sùn. Awẹ́lẹ́wà, mo nà gbalaja ní ìta Adébáyọ̀, máṣíìnì lórí yẹ̀rì mi, àwọn èrò ọkọ̀ ń na ọrùn. Mo fi gèlè bojú. Nígbà tí mo ṣí i, àbúrò yín ń rẹ́rìn-ín, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó ń ké "yéè", ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, n kò rí ẹ̀rín yẹn rí. Ó dùn mọ́ mi nínú ìtìjú náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó lọ dúró ti Adúmáadán, ó fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Èyí ló mọ̀ mí. Jórinjórin ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán." Mo wo ibi tí irin náà ti là, ìka mi wọ inú rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Ohun tó jáde ni, "Ṣé ẹ ó jẹ iyán?"

Ó ní òun ó jẹ. Mo lọ gún un.

Mosúnmọ́lá yín.


Leeds
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 2025

Ìyàwó mi,

Àwàdà mi kò ní iyọ̀, má bínú. Kí Màmá rẹ fún mi, sọ pé ọmọ alásọjù ló ń kí wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi náà máa ń jí láfún tútù jẹ létí títì, inú máa ń run mí, n kì í jẹ́wọ́.

Ó dára bí o ṣe sọ ọ́ fún mi pé mo dùn ọ́. Ṣé o rí i pé ẹnu rẹ ń ṣiṣẹ́? Mo ka ìwé rẹ fún ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa tó ti ń gun irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yan krúsà, kó kọ́kọ́ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó sì lè gbé e dìde fúnra rẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀. Ó ní àwọ̀ ni kó wò kẹ́yìn. Mo bi í léèrè nípa irin ọrùn tó là. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí wọ́n bá jó o, ọkàn ẹni tó ń gùn ún á balẹ̀ títí di ọjọ́ tí irin náà yóò já lójú eré.

Nítorí náà, mo yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Márúwá. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ni kó gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin jíjó. Mosúnmọ́lá, o kúnlẹ̀ bá máṣíìnì sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ẹni tó ń gùn ún ni o kò wá lè bá sọ̀rọ̀? Bí o bá gbé "rárá" yẹn mì, iyán kọ́ ni yóò tì í lọ sísàlẹ̀.

Fèsì kí jórinjórin tó dé.

Ẹ̀bùnọlá.


Leeds
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025

Mosúnmọ́lá,

N kò rí èsì. Dàmọ́lá kò gbé fóònù. Mo pe Ìyá, wọ́n ní, "Wọ́n ti lọ sí Ìgèdè," wọ́n bá pa fóònù, ẹ̀fọ́ wọn ń jó lórí iná. Kí ni ẹ lọ ṣe ní Ìgèdè? Kí ni ẹ gùn lọ? Ṣé orí irin jíjó yẹn ni?

Mo da tíì sínú ife arúgbó kan lónìí, mo tún da ọbẹ̀ lé e. Dá mi lóhùn, jọ̀ọ́.

Ẹ̀bùnọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Awẹ́lẹ́wà ọkọ mi,

Ẹ má bínú, ẹ má bínú, ẹ má bínú. Ìyá Kékeré ló ju fóònù mi sínú omi ìfọṣọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ sí Ìgèdè. Ẹ jókòó kí n ròyìn, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Jórinjórin dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò yín ti jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tọ́ka. Ìyá ń ṣa ẹ̀fọ́. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ìwẹjú lọ́wọ́ mi. Mo rántí ohun tí ẹ sọ, pé máṣíìnì ni mo mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Mo bá gbé omi sílẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Adúmáadán bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí n kò sọ ọ́ sínú.

Mo ní, "Adúmáadán ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ ń gbé mi lọ sílé láti ibi ìdánrawò orin nígbà tí n kò tíì di ìyàwó ilé yìí. Lọ́jọ́ tí láfún gbé yín ṣubú, ẹ̀yin lẹ fi ọrùn tiyín gba ìyà, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi fi èjìká lásán bọ́. Ẹ ṣeun. Ọrùn yín ti wá kán. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé: ṣé àgbà tí ọrùn rẹ̀ kán ni wọ́n tún fẹ́ rán níṣẹ́ lọ sí Ìgèdè?"

Adìyẹ pàápàá dákẹ́.

Àbúrò yín ní, "Mosún, ṣé máṣíìnì lò ń bá wí ni, àbí èmi?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

Jórinjórin kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, irin ni mo mọ̀ ọ́n jó, n kò lè jó ọ̀rọ̀ yìí." Ìyá gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Uyàwó, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. A kì í rán arúgbó níṣẹ́ nínú ulé yìí. Dàmọ́lá, ṣé ìwọ lo kọ́ ọ pé ọkọ rẹ̀ ni, àbí ìwọ kọ́?" Ó ní òun ni. Wọ́n ní, "Ó yá, ọkọ rẹ̀ àgbà ti fẹ̀yìn tì. Máa wá òmíràn."

Ó wò mí títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí jórinjórin kúkú bá Ìyá jó irin ààrò wọn tó ṣí.

Bí a ṣe dé Ìgèdè nìyẹn. Tísà Akínyẹlé tó kọ́ mi ní ìwé kẹta ti fẹ̀yìn tì, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gun krúsà wọn mọ́. Ó kéré sí Adúmáadán, ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa, irin ìfarati wà fún ẹni ẹ̀yìn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀pà yíyan. Àbúrò yín ní iná iwájú rẹ̀ kéré. Ó ní òun kò gun ohun tó ní àwọ̀ ẹ̀pà rí. Ó ní kò ké bí akọ.

Mo gùn ún. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní kí Tísà jẹ́ kí n dà á sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ṣé kò séwu o, mo dà á sílẹ̀, mo sì gbé e dìde. Èmi Mosúnmọ́lá! Mo ní, "Èyí ni."

Àbúrò yín ní, "Ìyẹn pupa tó wà ní Adébáyọ̀ ńkọ́?"

Mo tún ní, "Èyí ni."

Tísà ní, "Ẹ̀yin àna, ọmọ yìí kì í dáhùn ìbéèrè nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Bó bá ti wá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbà fún un."

Ó ti gbà. Ọwọ́ Tísà ló ṣì wà títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ẹ ní ohun tí mo bá yàn lẹ ó dá sí. Mo ti yàn o.

Adúmáadán wà lábẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé. Mo ṣì ń kí i.

Mosúnmọ́lá yín.


Leeds
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Mosúnmọ́lá, Mosúnmọ́lá, Mosúnmọ́lá!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́. Mo ka ìwé rẹ dé ibi tí adìyẹ ti dákẹ́, mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì, mo sì jókòó padà nítorí àwọn òyìnbó ń wò mí. Mo ti dá sí i, Ìyá ni mo fi ṣọwọ́ sí. Akoto méjì ń bọ̀ pẹ̀lú ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ wá ṣe Àjíǹde nílé, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọ. Má ṣe tìtorí irun tí o dì kí o má dé e o.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o rò. Gbogbo wa la jẹ́ ọkọ fún ọ nínú ilé yẹn, títí kan ọmọ ọdún méje. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀yìn rẹ ló dé. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí lo máa pè é?

Ẹ̀bùnọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2025

Awẹ́lẹ́wà ọkọ mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Akoto dé, ó bọ́ sí mi lórí bí ìgbà tí wọ́n wọ̀n mí. Bàtà ti kéré fún Ìyá Kékeré, ó ní òun ó fi ipá wọ̀ ọ́.

Dókítà ti yọ̀ǹda. Ní Àbámẹ́ta, àbúrò yín lọ gbé e wá láti Ìgèdè, ó rọra ń bọ̀. Èmi dúró sílé dè é. Bí wọ́n ti gbọ́ ìró rẹ̀ ni Ìyá bu omi sínú igbá, èmi rò pé wọ́n fẹ́ mu ún ni. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ará ìlú rẹ ló ń bọ̀ yẹn. Omi tí mo dà sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, dà á sí òun náà. Ìwọ ni ìyálé."

Mo wẹ táyà iwájú, mo wẹ ti ẹ̀yìn. Eruku Ìgèdè ṣàn wọ inú ilé wa. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àbúrò yín ń fọn fèrè máṣíìnì, kò tì mí lójú. Mo ní, "Ẹ̀pà, káàbọ̀." Mi ò kúnlẹ̀, mi ò sì pè é ní "ẹ̀yin". Látìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa pè ní "ìwọ".

Lánàá, a gùn ún lọ kí àwọn òbí mi. Èmi wà lẹ́yìn, akoto lórí, ẹ̀yìn mi fara ti irin. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, mo sì mọ̀ pé bó bá ti ń kọrin, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo lórí iná, eré á sì le. Bí a ṣe kọjá Ìyìn, mo rí i níwájú. Òjò ọdún yìí kò tíì lágbára, àwọn ìyá ṣì ń sá nǹkan. Láfún funfun báláú ní etí títì, ibẹ̀ gan-an. Orin àbúrò yín dákẹ́, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ pé òun náà ti rí i.

N kò bi ara mi léèrè bóyá ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo pariwo gan-an, tí àwọn ìyá tó ń tú láfún fi gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ̀pà, rọra!"

Awẹ́lẹ́wà, n kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbọ́. Ṣùgbọ́n a rọra. A kọjá lára láfún náà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọjá lára ọmọ tó sùn, kò sí èyí tó ta sókè níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà juwọ́ sí wa. Ìgbà tó ṣí ìborùn kúrò lójú ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ni.

Mosúnmọ́lá yín,
ìyálé Ẹ̀pà.